Ojú Tí Mo Mọ̀ Bí Ẹni Mowó

Ìyá tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ fọ́tò ní Ìsọlọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í tún un sọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n sì máa ń fi okùn so awò ojú wọn kọ́ ọrùn kó má baà sọnù, torí ó ti sọnù lójú wa rí nígbà mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún wa pé ó ti tó àkókò kí kálukú ní kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi tún fọ́tò ṣe, kíá la ti mú bírò. A rò pé wọ́n fẹ́ ka orúkọ ẹ̀rọ fún wa. Wọn ò dárúkọ ìkankan. Wọ́n ní kó má jẹ́ èyí tó ń rìn bí ìgbín, kí àyè pọ̀ nínú rẹ̀ torí fọ́tò ń jẹ àyè, ká má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹwà ẹ̀yìn rẹ̀ tàn wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé.

"Ẹ mú fọ́tò ẹnì kan dání lọ sọ́jà. Ẹni tí ẹ mọ ojú rẹ̀ bí ẹni mowó. Ẹ ṣí i lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá gbé síwájú yín. Èyí tó bá fi ẹni yẹn hàn yín bó ṣe rí gan-an, òun ni kẹ́ ẹ rà. Kọ̀ǹpútà tó bá ń parọ́ àwọ̀ fún yín, kò sí iṣẹ́ rere tẹ́ ẹ lè fi ṣe."

Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú wa ní fọ́tò ìyàwó òun lòun máa mú lọ. Òmíràn ní ojú ara òun ni, la bá bú sẹ́rìn-ín, torí kò sí fọ́tò ara rẹ̀ kan tí kò tíì fi fóònù kùn lójú títí ó fi ń dán bí àwo tánganran. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ohun tí mò ń rò ni pé, ta lèmi mọ̀ bí ẹni mowó?

Yàrá kan ni mo ń gbé ní Ailegun. Ó ti tó ọdún méjì tí mo débẹ̀ nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó wọlé tọ̀ mí wá rí àfi ẹni tó wá wo mítà iná, ìyẹn pàápàá ò jókòó. Mo mọ bàtà àwọn tá a jọ ń gbélé ju bí mo ṣe mọ ojú wọn lọ, torí bàtà wọn ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo bá ń jáde láàárọ̀. Àwo kan ni mo ní, ṣíbí kan. Tí mo bá ti fọ méjèèjì, ilé ti mọ́ nìyẹn. Ọjọ́ mìíràn wà, pàápàá tí kò bá sí kíláàsì, tó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá lọ ra búrẹ́dì nírọ̀lẹ́ ni mo máa tó la ẹnu, ohùn mi á sì há mọ́ mi lọ́fun bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo máa ń purọ́ fún ara mi nígbà náà pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló wù mí. Kò wù mí. Ìdánìkanwà ló ń ṣe mí bí àìsàn.

Ó wá ku ìyá mi nìkan tí mo lè pè ní ojú tí mo mọ̀.

Dúdú ni ìyá mi, dúdú tó ń dán. Èmi náà jogún rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbéyàwó, tí ìyàwó sì ní láti fún kálukú wa nílé lórúkọ, torí kì í pe àbúrò ọkọ ní orúkọ àbísọ, Adúmáadán ló sọ mí. Títí dòní, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ.

Nígbà tí ìyá mi pé ọgọ́ta ọdún, èmi ni mo ya fọ́tò wọn. Kámẹ́rà àyálò ni. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ilé wa ní Ṣàgámù, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń wọlé, ojú wọn ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa á. Mo mọ̀ pé fọ́tò náà dáa kí n tó gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ o."

Kò sí ayàfọ́tò tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹ wo ògiri pálọ̀ àwọn èèyàn wa, ẹ ó rò pé òyìnbó ló bí gbogbo wa. Ó yẹ kí n ṣe é, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Àmọ́ alágídí ni mí, mo sì ti ka ìwé díẹ̀ nípa fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ìwé díẹ̀ a máa gun èèyàn ju àìkàwé lọ. Mo ní, "Màmá, dúdú ni yín, dúdú lẹ ó sì wà. Mi ò ní purọ́ mọ́ yín." Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí, mo fi férémù sí i, mo gbé e fún wọn níwájú àwọn ọ̀rẹ́ wọn lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà wò ó, ó ní, "Háà, ṣé iná ò sí lọ́jọ́ náà ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo délé, wọ́n ti kọ ojú fọ́tò náà sógiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Inú bí mi. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn bí ló fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ láwùjọ. Mo ní àwọn ló ń tijú àwọ̀ tí Ọlọ́run fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan fa òmíràn jáde, títí wọ́n fi bi mí pé, "Ṣé fọ́tò ni wàá máa jẹ ni?" Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti kó aṣọ mi wá sí Èkó.

A kò ṣíwọ́ pípe ara wa o. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ wa lórí fóònù á rò pé kò sí nǹkan kan. "Ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun, mà." "Ṣé ara le?" "Ara le." "Ó dáa, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Ó parí. Ọdún méjì la fi sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Èmi ń dúró kí wọ́n sọ pé fọ́tò náà dáa, mo sì rò pé àwọn náà ń dúró de nǹkan kan látọ̀dọ̀ mi.

Fọ́tò wọn tó tuntun jù lọ́wọ́ mi ni èyí tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yà, tó sì fi ránṣẹ́ lóṣù tó ṣáájú. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Màmá ń kí yín, Adúmáadán. Dáadáa ni wọ́n wà." Fóònù mi ti sán lójú, mo sì máa ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kí bátìrì má baà tètè lọ. Mo rí gèlè, mo rí ẹ̀rín, ìyẹn tó mi. Mo dà á sórí fíláàṣì, mo sì gba Òṣòdì lọ lọ́jọ́ Sátidé.

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ wà, ibi téèyàn ti ń gbọ́ fèrè rélùwéè. Bàbá kan ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tún tẹlifíṣọ̀n ṣe kó tó di pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé fọ́tò ni mo fẹ́ fi ṣe, wọ́n to mẹ́rin sórí tábìlì, wọ́n nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wo èyí. UK-used, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó wọlé. Neat!"

Mo ki fíláàṣì bọ àkọ́kọ́, mo ṣí fọ́tò náà. Ìyá mi jáde, àmọ́ àwọ̀ wọn ti ṣú, kò dán, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bu eérú sí wọn lójú. Ètè wọn funfun. Mo ní eléyìí ò dáa. Mo ki í bọ ìkejì, bákan náà. Ìkẹta mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ, àmọ́ ètè yẹn ṣì funfun. Ìkẹrin ló tóbi jù, ó sì fi ihò tó wà lábẹ́ ojú wọn hàn mí kedere. Bàbá wá dúró lẹ́yìn mi.

"Ta nìyẹn?"

"Màmá mi ni, sà."

"O jọ wọ́n gan-an. Ṣé ara wọn yá?"

"Ara wọn le, sà. Àwọn kọ̀ǹpútà yín ni ò dáa." Mo sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀.

Bàbá ò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gbogbo mẹ́rin? Àwọn mẹ́rin ò lè panupọ̀ parọ́, my daughter. Ìwọ wò ó, nígbà tí mo ń tún TV ṣe n'Ìsọlọ̀, gbogbo èèyàn ló máa ní kí n gbé red sókè. Tí mo bá gbé e sókè tán, ẹni tó ń ka news á wá pọ́n bíi tòmátò, wọ́n á ní, 'Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti clear báyìí!'"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì tiwọn ní igun ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi wo fíìmù. Mo bẹ̀ wọ́n kí n dán ìyẹn wò. Mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ìyá mi sì jáde.

Ìyá mi gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lójú wọn, ètè wọn pupa, àwọ̀ wọn ń dán bíi ti ìgbà tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Omi lé sí mi lójú nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Èyí ni mo fẹ́, sà."

"Kì í ṣe títà o. Èmi ni mò ń lò ó. Ojú máa ń dùn mí, mo ti wá ṣe é dáadáa báyìí, kì í ta mí lójú mọ́."

Etí mi gbọ́ ọ, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wá yọ wáyà rẹ̀ lára iná.

"Màmá tí o fẹ́ràn tó báyìí, kí ló dé tí o ò kúkú lọ wò wọ́n?"

Mo ní ṣé ẹ rí i, sà, iṣẹ́ ilé-ìwé ò jẹ́. Irọ́ gbuu ni. Bí mo ṣe gbé kọ̀ǹpútà náà sáyà tí mo ń kọjá lọ nísàlẹ̀, àwọn tó ń pèrò ń pariwo "Ṣàgámù! Ṣàgámù kan!" sí mi létí. Mo rọra yẹra fún wọn, mo wọ ọkọ̀ Ailegun.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo gbádùn jù nínú yàrá yẹn. Mo fi fọ́tò ìyá mi sí ojú kọ̀ǹpútà náà, kó fi jẹ́ pé àwọn ni mo máa kọ́kọ́ rí tí mo bá ti tàn án. Mo ń jẹun níwájú wọn. Mo ń sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì, mo sì ń kí wọn tí mo bá ń jáde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò bi mí bóyá mo ti jẹun. Lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè wọ́n kí n sọ pé mo ti ra kọ̀ǹpútà, àmọ́ mo wo ẹni tó wà níwájú mi, mo ní a ṣáà ti ríra.

Àmọ́ gbogbo fọ́tò tí mo bá tún ṣe lórí rẹ̀, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, búlúù ló ń jáde. Mo ya oníṣòwò aṣọ kan lọ́jà Aswani, ó jáde bí ẹni tí òtútù pa. Mo tún un ṣe, ó tún burú sí i. Ìyá tó ń kọ́ wa wo ìwé fọ́tò náà títí, wọ́n ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi wá.

Mo tàn án níwájú wọn. Wọ́n ti awò ojú wọn sókè, wọ́n ní, "Ta ló da àwọ̀ ìyeyè sójú ẹ̀?" Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n tẹ ibì kan nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà. "Ẹni tí ojú ń dùn ló máa ń fi èyí sí i, kí ìmọ́lẹ̀ má ta á lójú. O wá ń fi búlúù lé ìyeyè tí kò sí níbẹ̀." Wọ́n sì pa àwọ̀ ìyeyè náà.

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú fọ́tò ìyá mi lọ. Lójú mi báyìí, nínú kíláàsì, ètè yẹn funfun, eérú yẹn padà síbi tó wà lọ́jọ́ Sátidé, ihò abẹ́ ojú padà. Mo na ọwọ́ kí n tún un tàn, ìyá tó ń kọ́ wa sì di ọwọ́ mi mú.

"Màmá ẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọjọ́ wo lo rí wọn kẹ́yìn?"

"Ó ti tó ọdún méjì, mà."

Wọ́n yọ awò ojú wọn, ó ń fì lọ́rùn wọn. "Wo ètè wọn. Wo ojú wọn. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe èyí. Lọ sílé, ọmọ mi."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ bí mo ṣe jáde. Èmi tí mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin sọ òótọ́ fún mi, mo ní wọn ò dáa, mo wá kúnlẹ̀ ra ìkarùn-ún.

Mo pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lórí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Kí ló ń ṣe Màmá?" Ó wá ní, "Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màmá ló ní ká má sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ ń kàwé, kí ọkàn yín má baà pín. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára wọn. Wọ́n ti fà á sí wọn lára lẹ́ẹ̀mejì." Mi ò lè bá a jà. Àṣà wa ni, a kì í pe ẹni tó wà lókèèrè sí àìsàn, àfi tó bá ti kọjá agbára. Èmi pàápàá ti ṣàìsàn ibà ní Ailegun rí, mo ní ara le.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì. Wọn ò tíì pariwo Ṣàgámù tán tí mo ti jókòó. Orí itan mi ni kọ̀ǹpútà náà wà títí a fi dé.

Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ bora lójú oòrùn. Ojú tí mo rí lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rin yẹn ni mo bá, kò fi ibì kankan yàtọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò tiẹ̀ mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

"Kọ̀ǹpútà? Ó ti ń ríran báyìí?" Wọ́n fi ọwọ́ kan orí mi. Ọwọ́ náà fúyẹ́. "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mi ò tíì jẹun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín ọdún méjì tí mo dáhùn ìbéèrè yẹn bó ṣe yẹ.

Nínú pálọ̀, mo rí fọ́tò ọgọ́ta ọdún wọn. Ó ti kúrò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà, kò sí bí àlejò á ṣe wọlé tí kò ní rí i. Ìyá mi dúdú nínú rẹ̀, wọ́n ń dán. Mo yíjú sí wọn, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.

"Nígbà tí àwọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú báyìí, mo ní kí wọ́n gbé e jáde. Kí ẹni tó bá wá kí mi lè mọ ẹni tóun wá kí."

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú." Wọ́n ní kí n panu mọ́, kí n gbé nǹkan tí mo ń jẹ ní Èkó wá kí àwọn wò ó. Mo tan kọ̀ǹpútà. Wọ́n rí fọ́tò ara wọn lójú rẹ̀, èyí tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n gbójú sókè wo ti ara ògiri, wọ́n tún wo ti kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀rọ ẹ yìí, ṣé ó lè jẹ́ kí èyí jọ tọ̀hún?"

Ọdún méjì sẹ́yìn, mo mọ ohun tí ǹ bá fi dá wọn lóhùn. Mo tẹ ibi tí ìyá tó ń kọ́ wa tẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè náà rọra bò ó, ètè wọn pọ́n díẹ̀, eérú náà lọ. Kò jọ ti ara ògiri, ẹnikẹ́ni tó ní ojú á mọ̀. Ìyá mi tẹ orí wọn síbi èjìká mi kí wọ́n lè rí i dáadáa.

"Ó ti ń bọ̀," ni wọ́n wí.

Kò síná nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A jọ ń wò ó títí bátìrì fi kú, tí ojú kọ̀ǹpútà náà ṣú, tó ń dán, tí àwa méjèèjì sì wà nínú rẹ̀ bíi nínú jígí. Ìyá mi ò ní kí n gbé e kúrò.